Gígun Kẹ̀kẹ́ Lọ Síbi Iṣẹ́ Nígbà Òtútù ní Ìlú Ọba

Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Ìlú Ọba ló máa ń ronú àtira kẹ̀kẹ́ tí wọ́n bá ti rí iye tí owó ọkọ̀ ń kó lọ nínú owó oṣù wọn. Tí oṣù November bá dé, wọ́n á ní àwọn ò lè gùn ún mọ́, òtútù ti pọ̀ jù. Òtútù ò le tó bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó bá mọ aṣọ tó yẹ kó wọ̀. Òkùnkùn àti yìnyín ojú títì ló yẹ ká bẹ̀rù.

Ẹ má wọ kóòtù ńlá tẹ́ ẹ fi ń dúró de bọ́ọ̀sì. Ẹ ò ní tíì rìn jìnnà tí òógùn á fi bò yín, tẹ́ ẹ bá wá dúró nídìí iná ojú pópó, òógùn yẹn á tutù mọ́ yín lẹ́yìn. Aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ méjì tàbí mẹ́ta léra wọn ló dáa. Kí èyí tó kan ara jẹ́ aṣọ irun àgùntàn tàbí aṣọ eré ìdárayá, kó má jẹ́ òwú, torí òwú máa ń mu omi, kì í sì í tètè gbẹ. Kí tòkè jẹ́ èyí tí atẹ́gùn ò lè gbà wọlé. Tẹ́ ẹ bá jáde nílé tí òtútù díẹ̀ ń mú yín, ẹ ti múra dáadáa nìyẹn. Ọwọ́ ni kẹ́ ẹ má fi ṣeré rárá: ìka tó ti kú ò lè fa bíréèkì bó ṣe yẹ. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ yín nínú ilé, kẹ́ ẹ fi fa bíréèkì wò kẹ́ ẹ tó gbé kẹ̀kẹ́ síta. Tí ìbọ̀wọ́ náà bá nípọn débi pé ẹ ò mọ bíréèkì lọ́wọ́, ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Ọjọ́ Sunday tó gbẹ̀yìn oṣù October ni wọ́n máa ń dá agogo padà sẹ́yìn ní wákàtí kan. Nígbà tó bá fi máa di December, oòrùn á ti wọ̀ kó tó di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ní London, torí náà inú òkùnkùn lẹ máa lọ, inú rẹ̀ lẹ máa bọ̀. Òfin ní láti ìgbà tí oòrùn bá ti wọ̀ títí dìgbà tó máa yọ, iná funfun gbọ́dọ̀ wà níwájú kẹ̀kẹ́, kí pupa wà lẹ́yìn pẹ̀lú gíláàsì pupa tó ń tan ìmọ́lẹ̀ padà. Òtútù máa ń tètè jẹ bátìrì, ẹ máa cháàjì iná yín níbi iṣẹ́. Akoto kì í ṣe dandan lábẹ́ òfin, àmọ́ mo bẹ̀ yín, ẹ dé e.

Ìbẹ̀rù mọ́tò máa ń mú kí àwọn ará wa gun kẹ̀kẹ́ lórí ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ nìyẹn lábẹ́ òfin ojú títì ti ọdún 1835 ní England àti Wales, àyàfi níbi tí wọ́n bá ti gbé àmì kẹ̀kẹ́ sí. Ojú títì ni àyè yín wà. Highway Code, ìyẹn ìwé ìlànà ìrìnnà ojú títì, tí wọ́n tún ṣe ní January 2022 sọ pé ẹ lè gba àárín ọ̀nà yín níbi tí ọkọ̀ ò bá pọ̀, ó sì ní kí awakọ̀ tí eré rẹ̀ ò ju 30 maili ní wákàtí kan lọ fi ó kéré tán mítà kan ààbọ̀ sílẹ̀ tó bá fẹ́ yà yín sílẹ̀, kí ẹni tó ń sáré jù bẹ́ẹ̀ lọ fi àyè tó ju ìyẹn lọ sílẹ̀. Ẹ̀tọ́ yín ni, wọn ò ṣàánú yín. Ẹ má wá rọ̀ mọ́ etí títì, ibẹ̀ ni ewé tútù àti ìdérí kòtò tó ń yọ̀ máa ń wà.

Àlejò lójú, kò fi ríran: yìnyín kan wà tó máa ń jọ omi lásán lórí ọ̀dà. Orí afárá àti ibi tí oòrùn kì í dé ló ti máa ń kọ́kọ́ dì. Tẹ́ ẹ bá bá ara yín lórí rẹ̀, ẹ má fa bíréèkì, ẹ má yí ọwọ́ kẹ̀kẹ́, ẹ jẹ́ kó yí lọ títí táyà á fi tún di ilẹ̀ mú. Títì ńlá ni káńsù máa ń kọ́kọ́ da iyọ̀ sí, torí náà ẹ yẹra fún àdúgbò kéékèèké láàárọ̀ ọjọ́ bẹ́ẹ̀, tàbí kẹ́ ẹ wọ bọ́ọ̀sì. Bọ́ọ̀sì ni èmi fara mọ́. Iyọ̀ náà máa ń jẹ ṣéènì. Ẹ nù ún, kẹ́ ẹ fi epo sí i.

Ní ti owó, ẹ béèrè ètò tí wọ́n ń pè ní Cycle to Work lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ yín. Láti 1999 ló ti wà. Wọ́n á gba kẹ̀kẹ́, iná, akoto àti àgádágodo fún yín, wọ́n á máa yọ owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ nínú owó oṣù kí wọ́n tó yọ owó orí. Àmọ́ owó tó kù fún yín ò gbọ́dọ̀ dín sí owó iṣẹ́ tó kéré jù lọ tí òfin fọwọ́ sí, ìdí nìyẹn tí kì í fi í bọ́ sí i fún ọ̀pọ̀ àwa tó ń tọ́jú arúgbó tàbí tó ń ṣiṣẹ́ ní wíàháòsì. Tó bá jẹ́ pé owó oṣù ni físà yín dúró lé, ẹ béèrè ohun tí yíyọ owó yìí máa ṣe sí i kẹ́ ẹ tó fọwọ́ sí ìwé. Ẹni tí ètò náà ò bá gbà lè ra àlòkù, ṣùgbọ́n kó kọ́kọ́ yẹ nọ́ńbà ara irin kẹ̀kẹ́ náà wò lórí ìkànnì BikeRegister, kó má lọ jẹ́ èyí tí wọ́n jí.