Ẹ̀yin tó ń lọ Seattle fúngbà díẹ̀: ẹ fi agboòrùn sílẹ̀

Ẹ̀yin tí iṣẹ́ tàbí ẹ̀kọ́ fẹ́ gbé lọ sí Seattle ní Amẹ́ríkà fún oṣù díẹ̀, ẹ má fowó ra agboòrùn. Jákẹ́ẹ̀tì tí omi kì í wọ̀, tó ní ìborí lára, ni kí ẹ kọ́kọ́ rà. Òjò ibẹ̀ kì í ya bíi ti Èkó. Kódà, omi tó ń rọ̀ l'Ékòó lọ́dún pọ̀ ju tiwọn lọ dáadáa. Winniwinni ló máa ń ṣẹ́, ó sì lè ṣẹ́ bẹ́ẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́, láti oṣù Kẹwàá wọ oṣù Kẹrin, atẹ́gùn á sì máa gbé e gba ẹ̀gbẹ́ wọ abẹ́ agboòrùn. Kí ẹ tó sanwó, ẹ yí jákẹ́ẹ̀tì náà síta, kí ẹ wo ojú ìránpọ̀ rẹ̀: tí wọ́n bá ti fi téèpù tẹ́ẹ́rẹ́ lẹ ojú abẹ́rẹ́ pa, omi ò ní ráyè wọlé. Àmọ́ kì í gbani lọ́wọ́ òtútù o, ẹ wọ súwẹ́tà sábẹ́ rẹ̀. Tó bá jẹ́ oṣù Keje tàbí Ìkẹjọ lẹ ń lọ, ẹ má wulẹ̀ yọra yín lẹ́nu, òjò ò fẹ́ẹ̀ẹ́ sí nígbà yẹn. Òkùnkùn gan-an ló máa ń súni jù: nínú oṣù Kejìlá, oòrùn ti wọ̀ kí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ tó lù, nítorí náà ẹ máa rìn síta lọ́sàn-án, ẹ̀ báà rí òjò. Ẹ ra káàdì ORCA láti pápákọ̀ òfurufú. Òun náà lẹ máa fi wọ ọkọ̀ ojú irin Link àti bọ́ọ̀sì.