Jọ́tà Iléyá: Bí Mo Ṣe Ń Fi Ìwé àti Báírò Tọ́jú Ọdún

Ẹ má fi owó yín ra dáyárì tí wọ́n ti tẹ ọjọ́ sí, bó bá jẹ́ torí Iléyá ni. Òṣùpá ló ń gbé ọdún yìí wá, kì í sì í dúró sójú kan. Ní 2023, ọjọ́ 28 oṣù kẹfà ni a kí Yídì. Ní 2024, ọjọ́ 16. Ní 2025, ọjọ́ 6. Ní 2026, ìparí oṣù karùn-ún. Lọ́dọọdún ló ń fi nǹkan bí ọjọ́ mọ́kànlá yá ju ti èṣí lọ. Jọ́tà lásán, irú èyí táwọn ọmọ ilé ìwé ń lò, tí ẹ̀yìn rẹ̀ le, ló dáa jù. Ẹ fi okùn so báírò mọ́ ọn. Ilé tí ọmọ bá wà, báírò kì í jókòó.

Aránṣọ ni mí ní Ìjẹ̀bú-Òde. Iléyá méjì ni mò ń ṣe nígbà náà, ti ṣọ́ọ̀bù àti ti ilé. Èmi ni ìyàwó tó dàgbà jù ní agboolé ọkọ mi, ọ̀dọ̀ mi ni gbogbo ẹrù sì ń já sí. Àwọn ará Èkó ń bọ̀, àwọn ará Ìbàdàn ń bọ̀, ọjọ́ kẹta ọdún ni Ojúde Ọba, àjọ̀dún ńlá tí a ń ṣe níwájú ààfin Awùjalẹ̀, kò sì sí ẹni tó fẹ́ gbọ́ pé iyọ̀ tán. Orí kan ṣoṣo ò lè gba gbogbo èyí. Ìwé ló ń gbà á.

Tí ẹ bá ṣí jọ́tà, ojú ìwé ọwọ́ òsì ni kí ẹ kọ ohun tí ẹ fẹ́ ṣe sí. Ẹ fi ti ọwọ́ ọ̀tún sílẹ̀ lófìfo. Ibẹ̀ ni ẹ ó máa kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an sí: iye tí ẹ rà, ọwọ́ ẹni tí ẹ ti rà á, èyí tó ṣẹ́kù, èyí tí kò tó. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń kọ ti òsì, wọ́n á lọ sọ́jà, wọ́n á bọ̀, ìwé á di ohun tí wọ́n fi ń dé ìkòkò. Bẹ́ẹ̀, ti ọ̀tún gan-an lowó wà. Èmi kì í wo iye owó èṣí, torí owó ọjà ò dúró de ẹnikẹ́ni. Iye ohun tí a lò ni mò ń wò. Bí kóńgò ìrẹsì mẹ́jọ bá tó wa lọ́dún tó kọjá, tí àlejò kò sì pọ̀ sí i, kóńgò mẹ́jọ náà ni. Owó yàtọ̀, ikùn àwọn ará ilé wa ò yàtọ̀.

Ẹ ka ọjọ́ láti ẹ̀yìn wá

Ọjọ́ Ìtúnu Ààwẹ̀ ni mo máa ń bẹ̀rẹ̀. Láti ọjọ́ náà dé Iléyá, oṣù òṣùpá méjì àti ọjọ́ mẹ́sàn-án ló wà níbẹ̀, ìyẹn ọjọ́ 67 sí 69, torí oṣù òṣùpá lè pé ọjọ́ 29, ó sì lè pé 30. Nítorí náà, mi ò kì í fi báírò kọ déètì. "Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ", "ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́fà", "ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta" ni mò ń kọ sórí ojú ìwé, mo sì ń fi pẹ́ńsùlù kọ ọjọ́ tí mo rò pé yóò jẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Lálẹ́ tí Súltánì bá kéde láti Sókótó pé oṣù Iléyá ti lé, àríyànjiyàn tán. Tí ẹ bá ka ọ̀la sí ọjọ́ kìíní, ọjọ́ kẹwàá ni Iléyá. Ìgbà yẹn ni mo ń mú báírò pupa, tí mo ń kọ ọjọ́ gidi lé pẹ́ńsùlù lórí. Òfin tí mo fi sí i ni pé lálẹ́ ọjọ́ náà, ohun tí kì í bàjẹ́ kankan ò gbọdọ̀ ṣì wà nínú ìwé láìrà. Ìrẹsì, òróró, àlùbọ́sà, gáàsì, ọ̀rá tí a ó fi pín ẹran, epo jẹnẹrétọ̀: wọ́n ti gbọ́dọ̀ wà nílé. Ata, tòmátò, ewé mọ́ínmọ́ín àti yìnyín nìkan ló lè kù, ẹ sì mọ bí ata ṣe máa ń ṣe tó bá ku ọjọ́ méjì.

Ohun kan wà tí kì í sábà wọ inú ìwé: irun bàbá ilé. Ẹni tó fẹ́ pa ẹran kì í gẹ irun, kì í sì í gé èékánná, láti ìgbà tí oṣù bá ti lé títí tí yóò fi pa ẹran rẹ̀. Nínú jọ́tà mi, "bàbá lọ gẹrun" wà ní ọjọ́ 28 oṣù tó ṣáájú. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, torí àwọn ọkùnrin àìsùn ọdún ni wọ́n máa ń rántí orí wọn.

Ojú ìwé aṣọ

Ẹ jẹ́ kí n tú àṣírí àwa aránṣọ díẹ̀. Bí oníbàárà bá gbé aṣọ wá, tó ní "Iléyá ni mo fẹ́ wọ̀ ọ́ o", a ó mi orí fún un, aṣọ rẹ̀ á sì wọ ìsàlẹ̀ òkìtì. Ẹni tó bá ní "mò ń bọ̀ wá dán an wò lọ́jọ́ Ẹtì", tiẹ̀ ni a máa kọ́kọ́ gé, torí a mọ̀ pé á wá jókòó tì wá. Nítorí náà, ọjọ́ mẹ́ta ni kí ẹ kọ fún aṣọ kọ̀ọ̀kan: ọjọ́ tí ẹ gbé e lọ, ọjọ́ tí ẹ máa dán an wò, ọjọ́ tí ẹ máa gbà á. Ọjọ́ gbígbà yẹ kó fi ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ọdún, kí àyè àtúnṣe lè wà. Ẹ má sọ fún aránṣọ pé ọ̀sẹ̀ méjì yẹn wà. Inú jọ́tà yín ni kó mọ.

Ẹ kọ ìwọ̀n àwọn ọmọ síbẹ̀ náà: èjìká, àyà, gígùn ẹsẹ̀. Ìwọ̀n èṣí ò wúlò fún rírán, àmọ́ ó ń jẹ́ kí ẹ mọ bí ọmọ ṣe ń ga sí. Ẹni tó ń yára ga, ẹ ní kí aránṣọ fi ìṣẹ́tí tó fẹ̀ sí aṣọ rẹ̀, kí ẹ lè tú u sílẹ̀ tí ọdún míì bá dé.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo iṣẹ́ jọ́tà nìyí: ẹ gé etí aṣọ kọ̀ọ̀kan, bí ìka méjì, kí ẹ fi abẹ́rẹ́ àti òwú kàn án mọ́ ojú ìwé. Ẹ kọ ẹni tó ni ín sábẹ́ rẹ̀, ọ̀pá tó jẹ́, àti ọ̀dọ̀ aránṣọ tó wà. Ọ̀kan nínú tèmi rí báyìí: àǹkárá aláwọ̀ ewé, ọ̀pá márùn-ún, ìró àti bùbá ìyá ọkọ mi, kò fẹ́ síìpù, kò fẹ́ ọrùn tó ṣí. Nísàlẹ̀ rẹ̀: léèsì funfun, ọ̀pá mẹ́wàá, agbádá bàbá àwọn ọmọ, fìlà ò tíì sí. Tí mo bá dé ọjà, jọ́tà ni mò ń nà sí ẹni tó ń ta gèlè. A ó jọ jáde síta lójú oòrùn, a ó gbé etí aṣọ sún mọ́ gèlè, torí iná inú ṣọ́ọ̀bù máa ń yí àwọ̀ padà. Fóònù náà ń yí i padà, ẹ má gbára lé fọ́tò.

Àgbò

Ríra ní kùtùkùtù sábà máa ń dínwó, àmọ́ ẹni tó rà á ní kùtù ti ra iṣẹ́ mọ́ ọn: èèpo iṣu, èèpo pákí, koríko, omi, ìdọ̀tí tí a ó máa gbá. Bí ẹ bá máa rà á kó tó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹ kọ orúkọ ẹni tí yóò máa bọ́ ọ sínú ìwé. Orúkọ ni o. Ẹ má kọ "àwọn ọmọ". "Àwọn ọmọ" kì í sí nílé lọ́jọ́ tí ebi bá ń pa àgbò.

Ẹ kọ ohun tí ẹ máa yẹ̀ wò kí ẹ tó jáde nílé, torí ariwo ọjà ẹran máa ń gba ọgbọ́n lórí èèyàn. Ojú rẹ̀ méjèèjì gbọ́dọ̀ ríran. Kò gbọdọ̀ tiro, kò gbọdọ̀ ṣàìsàn, kò gbọdọ̀ rù débi pé egungun ló kù. Ẹ mú un rìn kí ẹ tó sanwó. Àgbò gbọ́dọ̀ ti pé oṣù mẹ́fà ó kéré tán, kó sì tóbi dáadáa. Òbúkọ, ọdún kan. Màlúù, ọdún méjì. Bí ẹbí bá fẹ́ dáwó ra màlúù, èèyàn méje ló lè pín in. Ẹ fa ìlà méje, orúkọ kan lórí ìlà kan, iye tó san, iye tó kù. Orúkọ kẹjọ ò lè wọ̀ ọ́, bó ti wù kí wọ́n bẹ̀ yín tó.

Owó alápatà ní ìlà tirẹ̀ lójú ìwé owó. A kì í fi ẹran Iléyá tàbí awọ rẹ̀ san owó iṣẹ́ fún un. Bí ẹ bá fẹ́ fún un lẹ́ran, ẹ̀bùn nìyẹn, lẹ́yìn tí ẹ ti san owó rẹ̀. Ẹ tètè bá a dá àkókò, torí kò sẹ́ni tó lè pa ẹran kí a tó kírun Yídì tán, gbogbo àdúgbò ló sì ń fẹ́ ẹ ní wákàtí kan náà. Mo máa ń kọ orúkọ alápatà méjì.

Oúnjẹ ò gba ojú ìwé púpọ̀ lọ́dọ̀ mi, gbogbo wa la mọ bí a ṣe ń sè é. Ohun méjì péré. Ẹni tó bá fẹ́ se ìkòkóré, kó tètè bá àwọn tó ń ta ewùrà sọ̀rọ̀, torí nígbà tí Iléyá bá bọ́ sí oṣù karùn-ún tàbí ìkẹfà, iṣu tuntun ò tíì dé. Èkejì: ọjọ́ Àráfà, tó ṣáájú ọdún, ọ̀pọ̀ wa ló ń gba ààwẹ̀, ọjọ́ náà gan-an la sì ń din ata. Ẹ kọ orúkọ ẹni tí yóò máa tọ́ iyọ̀ wò.

Orúkọ àwọn tó máa jẹ ẹran

Ìdá mẹ́ta ni a máa ń pín ẹran sí: ti ilé, ti ẹbí àti aládùúgbò, ti àwọn tí kò ní. Kíkọ orúkọ wọn sílẹ̀ ṣáájú ló ń gbà yín lọ́wọ́ ìjà. Ìlà mẹ́rin ni mo ń fà sí ojú ìwé náà: orúkọ, irú ẹran tó tọ́ sí i, ọmọ tí yóò gbé e lọ, àti àyè tí mo ń sàmì sí tó bá ti dé ọwọ́ rẹ̀. Mi ò to orúkọ bí àgbà ṣe ju àgbà lọ, àdúgbò ni mo fi ń tò wọ́n, kí ọmọ kan lè fi ẹsẹ̀ kan dé ilé mẹ́rin. Inú ìlà kejì ni ọ̀wọ̀ wà. Itan kan ń lọ sọ́dọ̀ àwọn àna. Ẹ̀dọ̀ ni ti ìyá àgbà, torí eyín. Ìyá tó ń ta gàrí níwájú ilé wa, Kìrìsìtẹ́nì ni, àmọ́ àwo ìrẹsì tó gbé wá ní Kérésìmesì wà nínú jọ́tà mi, kí ẹnikẹ́ni má bàa fò ó.

Ọjọ́ kẹta

Bí ẹ bá ń bọ̀ ní Ojúde Ọba, ojú ìwé tirẹ̀ ti gbọ́dọ̀ ṣí tipẹ́tipẹ́. Owó aṣọ regbẹ́regbẹ́, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn tí ọjọ́ orí wọn sún mọ́ra, ló kọ́kọ́ ń wọlé, ọ̀pọ̀ oṣù ṣáájú ọdún. Ẹ kọ iye tí ẹ san, ẹni tó gbà á, àti ọjọ́ tí wọ́n ní aṣọ máa jáde. Ẹ kọ orúkọ àwọn tó máa sùn sílé yín, lórí bẹ́ẹ̀dì tàbí lórí ẹní; láti 2024 tí àwòrán àwọn ẹlẹ́ṣin ti gba íntánẹ́ẹ̀tì kan, àlejò tó ń béèrè ibi tí yóò sùn ti pọ̀ sí i. Fún ọjọ́ náà gan-an, agbòjò ṣáájú ìlẹ̀kẹ̀, torí àsìkò òjò ni. Ẹ kọ bàtà méjì fún ẹni kọ̀ọ̀kan, èyí tó rẹwà àti èyí tó ṣeé rìn. Ẹ kọ ibi tí ẹ ó ti pàdé bí èrò bá pín yín níyà, kí ẹ sì kọ nọ́ńbà fóònù sínú bébà, kí ẹ fi sápò ọmọ kọ̀ọ̀kan.

Nígbà tí àwọn àlejò bá ti lọ, kí ẹ tó fọ aṣọ, ẹ jókòó ti àwọn ojú ìwé ọwọ́ ọ̀tún. Ẹran mélòó ló kù ní fírísà? Ta ló wá láìsọ tẹ́lẹ̀, èèyàn mélòó ló sì mú wá? Ọ̀rá tó? Ẹ wo ọjọ́ ti ọdún yìí, ẹ yọ ọjọ́ mọ́kànlá kúrò, kí ẹ fi pẹ́ńsùlù kọ ọ́ sí ojú ìwé àkọ́kọ́ ti ọdún tó ń bọ̀.

Ojú ìwé tó kẹ́yìn ni ti ohun àyálò. Kúlà ńlá aláwọ̀ búlúù, ti ìyá alágbo ẹ̀yìnkùlé. Ìkòkò irin méjì, ti mọ́ṣáláṣí. Ògúnlọ́gọ̀ àwo, orúkọ olúkúlùkù wà ní ìdí rẹ̀. Bí ọ̀kan bá ti padà sílé olóhun, ẹ fa ìlà lé e. Èyí tí kò bá tíì ní ìlà lórí títí di ọjọ́ karùn-ún, ẹ rán ọmọ lọ dá a padà, kí ẹ bu ẹran díẹ̀ sínú rẹ̀ kó tó gbé e lọ.