Pépà àtúnlò ń há sínú ẹ̀rọ: ìbéèrè àti ìdáhùn fún àwọn tó ń rajà fún ọ́fíìsì ìjọba

Àbúrò mi kan tó ń ṣiṣẹ́ ní sítọ̀ ọ́fíìsì ìjọba kan ní Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta pè mí lóṣù tó kọjá. Wọ́n ra 40 páálí pépà àtúnlò, ìyẹn pépà tí wọ́n fi pépà àlòkù ṣe. Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ariwo fi sọ: ẹ̀rọ ń há, ọ̀gá ń bínú, àwọn akọ̀wé ní kí wọ́n dá gbogbo ẹ̀ padà. Èmi náà ti jókòó ní sítọ̀ rí, ní Ìsàlẹ̀ Èkó, kí n tó fẹ̀yìn tì. Mo ní kó kọ àwọn ìbéèrè rẹ̀ ránṣẹ́. Àwọn nìyí, pẹ̀lú ohun tí mo fi dá a lóhùn, torí mo mọ̀ pé kì í ṣe òun nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí ń bá fínra.

Ẹ káàárọ̀ mà. Ẹ̀rọ wa kì í há tó báyìí tẹ́lẹ̀. Àárọ̀ Mọ́ńdè ló máa ń burú jù: pépà á wọlé ní méjì-méjì, á ká bí ẹní, á sì há síbi tí ooru wà. Ṣé pépà àtúnlò ò dára fún ẹ̀rọ ni?

Mọ́ńdè tí o dárúkọ yẹn ló jẹ́ kí n fura. Tó bá jẹ́ pé pépà yẹn ló burú, ojoojúmọ́ ni ì bá máa há. Kí ló ń ṣẹlẹ̀ láti Fúráìdè sí Mọ́ńdè? Wọ́n pa ẹ̀rọ amúlétutù, rímù tí wọ́n ti já sì wà nínú tíréè láti ọ̀sán Fúráìdè. Èkó nìyí, ọ̀sà níhìn-ín, òkun lọ́hùn-ún, omi ló kún inú afẹ́fẹ́ wa. Pépà a máa mu omi yẹn bí gààrí tí wọ́n ṣí sílẹ̀ ṣe ń rọ̀. Etí rẹ̀ ló kọ́kọ́ ń mu ún, àárín rẹ̀ ò tíì mu tó bẹ́ẹ̀, ni etí á bá máa rú. Nígbà tí ẹ̀rọ bá wá fi ooru lẹ tọ́nà mọ́ ọn, omi á sá jáde lójijì, pépà á ká, á há. Pépà tuntun tí wọ́n fi igi ṣe náà ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n pépà àtúnlò ní tiẹ̀ lọ́tọ̀, n kò ní fi pa mọ́ fún ọ. Wọ́n máa ń rẹ pépà àlòkù sómi, wọ́n á pò ó títí á fi dà bí ògì, wọ́n á sẹ́ ẹ, wọ́n á wá fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú rẹ̀ kí yíǹkì àti tọ́nà lè bá fóòmù gòkè, kí wọ́n ré e dànù. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá tún un ṣe ni fọ́nrán igi inú rẹ̀ ń kúrú sí i. Bí ìgbà márùn-ún sí méje ni fọ́nrán kan lè fara dà á. Fọ́nrán kúkúrú wà lára ohun tó ń fa eruku funfun tí ẹ ń rí nínú ẹ̀rọ. Eruku yẹn á bo róólà, róólà ò ní lè di pépà mú dáadáa mọ́, pépà á wọlé wọ́gọwọ̀gọ.

Nítorí náà, gbé àwọn páálí yẹn kúrò lórí síméǹtì. Tẹ́ pákó sábẹ́ wọn, má sì jẹ́ kí wọ́n fara kan ògiri. Gbé rímù wọ yàrá ẹ̀rọ ní ọjọ́ kan ṣáájú kí ẹ tó já a, kí òun àti yàrá lè bára mu. Ẹ má já òmíràn àfi tí tíréè bá ṣófo. Ní ìrọ̀lẹ́ Fúráìdè, kó èyí tó kù nínú tíréè, dá a padà sínú ìwé tí wọ́n fi dì í, fi náílọ́ọ̀nù wé e. Kí ẹni tó mọ ẹ̀rọ pa á, kó sì fi aṣọ tí kò ní ìhúùhù nu róólà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Lára ọ̀pọ̀ rímù, ẹ máa rí ọfà tó ń tọ́ka sí ojú tó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ tẹ̀. Wọn ò fi ṣe ọ̀ṣọ́.

Lẹ́yìn èyí, já rímù tuntun kan ní Wẹ́sìdé, kí ẹ tẹ 200 ojú ìwé. Tí kò bá há, ẹ ti mọ̀ pé ìtọ́jú ló fà á. Tó bá ṣì há, gé ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́ méjì tó gùn bákan náà lára pépà kan, ọ̀kan ní òró, ọ̀kan ní ìbú. Gbé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, di orí kan mú, kí o wo èyí tó tẹ̀ jù. Tó bá jẹ́ èyí tí o gé ní òró ló tẹ̀ jù, a jẹ́ pé wọ́n gé pépà yẹn lòdì sí bí fọ́nrán rẹ̀ ṣe sùn. Ìyẹn ni kí o tìtorí ẹ̀ pe agbaṣẹ́ṣe.

Agbaṣẹ́ṣe ní 80 gíráàmù ni pépà náà, ṣùgbọ́n ó fẹ́lẹ́ lọ́wọ́ mi.

Wọ̀n ọ́n. Ìwọ̀n pépà tó jẹ́ mítà kan níbùú lóròó ni 80 gíráàmù yẹn. Pépà A4 16 ló máa ń wọ inú rẹ̀, nítorí náà pépà kan tó jẹ́ 80 gíráàmù á wọn gíráàmù márùn-ún. Rímù tó pé 500 á wọn kílò méjì ààbọ̀. Èyí tó jẹ́ 70 gíráàmù kò ní ju nǹkan bíi kílò 2.2 lọ. Gbé rímù kan lọ sórí òṣùwọ̀n àwọn tó ń ta adìẹ dídì, ìṣẹ́jú kan ni. Kì í ṣe pé 70 gíráàmù burú, ẹ̀rọ púpọ̀ ń lò ó. Ṣùgbọ́n owó 80 lẹ san.

Ọ̀gá wa ní àwọ̀ rẹ̀ ṣú, pé kò yẹ kí lẹ́tà ìjọba jáde lórí rẹ̀.

Má bá wọn jiyàn. Pépà àtúnlò tó funfun wà, èyí tó dà bí eérú náà wà. Bí wọ́n bá ṣe fọ̀ ọ́ tó ló fa ìyàtọ̀, èyí tó ṣú kò sì dọ̀tí. Ẹ ra funfun díẹ̀ fún lẹ́tà tó ń jáde, kí ẹ fi èyí tó ṣú ṣe mémò àti àkọsílẹ̀ ìpàdé. Ní gbogbo ìgbà tí mo fi wà lẹ́nu iṣẹ́, èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí a ń tẹ̀ kì í jáde kúrò nínú ọgbà.

Àwọn tó ń tọ́jú fáìlì ń bẹ̀rù pé kò ní pẹ́ tí yóò fi pọ́n.

Ìbẹ̀rù wọn ní ìdí. Ẹ wo ìwé ìròyìn tí wọ́n fi wé àkàrà, tí wọ́n gbàgbé sí ojú fèrèsé: kì í pẹ́ tó fi máa pọ́n, torí gbogbo ohun tó wà nínú igi ni wọ́n lọ̀ mọ́ ọn. Pépà àtúnlò tí wọ́n fi ìwé ìròyìn ṣe á ṣe bẹ́ẹ̀. Èyí tí wọ́n fi pépà funfun ọ́fíìsì ṣe, tí ẹfun tó ń pa ásíìdì sì wà nínú rẹ̀, lè pẹ́ bíi tuntun. Òṣùwọ̀n kan wà tí wọ́n ń pè ní ISO 9706 fún pépà tó gbọ́dọ̀ pẹ́, pépà àtúnlò sì lè yege nínú rẹ̀. Fún ìwé ilẹ̀ àti fáìlì òṣìṣẹ́, èyí tó bá ní nọ́ńbà yẹn nìkan ni kí ẹ lò. Kí àwọn ará fáìlì sì wo òrùlé wọn pẹ̀lú. Ikán àti òjò ni mo rí tó ba ìwé ìjọba jẹ́ jù.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé àtúnlò ni lóòótọ́?

Ojú lásán ò lè mọ̀ ọ́n. Mo gba pépà kan wọlé rí torí pé àwọ̀ rẹ̀ pọ́n díẹ̀, mo rò pé àtúnlò náà nìyẹn. Nígbà tí mo wá wo ara rímù, kò sí ohunkóhun tó sọ bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ yẹn dùn mí, torí owó ará ìlú ni.

Ọfà mẹ́ta tó ń yí po kò tó ẹ̀rí. Ó lè túmọ̀ sí pé pépà náà ṣeé tún ṣe, àfi tí wọ́n bá kọ iye ìdá rẹ̀ tó jẹ́ àlòkù sí i. Wo àmì FSC, àjọ àgbáyé tó ń jẹ́rìí sí ibi tí igi àti pépà ti wá. Oríṣi mẹ́ta ló wà: 100%, Mix àti Recycled. Recycled nìkan ló túmọ̀ sí pé gbogbo rẹ̀ jẹ́ àtúnlò. Lábẹ́ àmì náà, nọ́ńbà kan á wà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú FSC-C, tí nọ́ńbà mẹ́fà tẹ̀ lé e. Tẹ̀ ẹ́ sórí ìkànnì FSC, orúkọ ilé iṣẹ́ tó ni ín á jáde. Tí orúkọ yẹn àti èyí tó wà lára rímù kò bá bára mu, béèrè ìdí.

Ohun kan tún wà. Lọ sí Ṣómólú, wo àjákù pépà tó ń jáde lábẹ́ ọ̀bẹ àwọn atẹ̀wé. Kò sẹ́ni tó tíì lo ìyẹn rí. Àtúnlò ni wọ́n ń pè é tí wọ́n bá tún un ṣe, ṣùgbọ́n kò dín pépà tí àwọn èèyàn lò tí wọ́n kó dà sí ààtàn kù. Nígbà tí ààrẹ Amẹ́ríkà, Bill Clinton, fọwọ́ sí àṣẹ nípa ọ̀rọ̀ yìí ní 1993, ohun tí wọ́n béèrè lọ́wọ́ ọ́fíìsì ìjọba àpapọ̀ wọn ni pé kí ó kéré tán ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún jẹ́ pépà tí èèyàn ti lò. Lẹ́yìn náà ni wọ́n sọ ọ́ di 30. Ẹ̀yin náà, ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Àwọn ará àkáǹtì ní ó wọ́n ju ti tẹ́lẹ̀, àti pé ẹni tí owó rẹ̀ kéré jù ni òfin ní ká fún.

Òfin ò sọ ọ́ báyẹn. Èyí tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2007 sọ pé ẹni tí owó rẹ̀ kéré jù láàárín àwọn tó bá ohun tí a béèrè mu. Ìpínlẹ̀ Èkó ní òfin àti àjọ ti ara rẹ̀ lórí ọjà rírà, kí ẹ ka ti yín dáadáa. Ohun tí ẹ kò bá kọ sínú ìwé tí ẹ fi pe àwọn agbaṣẹ́ṣe, ẹ kò lè fi mú ẹnikẹ́ni lẹ́yìn rẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wa ti ṣìnà. Kọ ọ́ pé: A4, 80 gíráàmù, ìdá báyìí nínú ọgọ́rùn-ún jẹ́ àlòkù, kó bá òṣùwọ̀n EN 12281 ti pépà fọ́tòkọ́pì tàbí èyí tó bá a dọ́gba mu, kí wọ́n kọ́kọ́ mú páálí kan wá fún ìdánwò. Má dárúkọ ilé iṣẹ́ kankan.

Ní ti owó, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ojú méjèèjì. Tí ẹ bá ń lo 100 rímù lóṣù, tí ìdajì iṣẹ́ yẹn bá bọ́ sí ojú méjèèjì, 75 rímù lẹ máa lò. Ẹ fi 25 tó kù yẹn bá àwọn ará àkáǹtì sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ ọ̀rinrin, torí ẹ̀ẹ̀mejì ni pépà ń gba inú ooru kọjá tí wọ́n bá ń tẹ ojú méjèèjì.

Ṣé kò sí èyí tí wọ́n ṣe nílẹ̀ wa?

Ìjọba àpapọ̀ kọ́ ilé iṣẹ́ pépà mẹ́ta: Jẹ́bà, Oku-Iboku, àti Ìwopin ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, tí kò jìnnà sí ọ̀dọ̀ wa rárá. Kò sí èyí tí ọ́fíìsì lè gbójú lé fún pépà A4 lónìí, ọ̀rọ̀ náà sì máa ń dùn mí. Èyí tí ẹ rà yẹn, òkè òkun ló ti wá. Ṣùgbọ́n wọ́n ń fi pépà àlòkù ṣe tíṣù àti páálí níbí. Tíṣù àti páálí tí ẹ ń kó fáìlì sí ni kí ẹ kọ́kọ́ máa ra àtúnlò rẹ̀. Wọn kì í gba inú ẹ̀rọ kọjá, kò sẹ́ni tó máa pariwo.

26 páálí ló kù. Ṣé ká dá a padà?

Ṣé ẹ ti fọwọ́ sí i pé ẹ gbà á? Tí ẹ bá ti fọwọ́ sí i, tí ìwọ̀n rẹ̀ pé, tí wọn ò sì gé e lòdì sí fọ́nrán rẹ̀, kò sí ẹ̀sùn lọ́wọ́ yín. Gbé e sórí pákó lónìí. Ní Fúráìdè, kó tíréè kúrò bí mo ṣe sọ. Pè mí ní Mọ́ńdè ní aago mẹ́wàá, kí o sọ iye tó há fún mi.