Lílo Àkọsílẹ̀ Ìlera Láti Ṣírò Oògùn Tí A Ń Yọ Láti Inú Ẹ̀jẹ̀

Oògùn tí a ń yọ láti inú plásímà, ìyẹn omi inú ẹ̀jẹ̀, kì í ṣe ohun tí a lè pèsè ní kánmọ́kánmọ́: bí olùtọrẹ bá fi plásímà sílẹ̀ lónìí, ó lè gba oṣù 7 sí 12 kí ó tó di oògùn tí a lè fún aláìsàn. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí ọdún tó ń bọ̀ yóò gbà gbọ́dọ̀ ti máa yẹ àkọsílẹ̀ ilé ìwòsàn wò nísinsìnyí.

Ẹ fi oògùn kan ṣoṣo bẹ̀rẹ̀. Immunoglobulin, ìyẹn èròjà inú ẹ̀jẹ̀ tó ń bá àrùn jà, ló dára jù lójú mi, nítorí oríṣiríṣi àìsàn ni wọ́n ń fi í tọ́jú. Ẹ fi kóòdù ATC, ìyẹn kóòdù àgbáyé tí a fi ń to oògùn sí ìsọ̀rí, wá a: J06BA02 fún èyí tí a ń fà sínú iṣan ẹ̀jẹ̀ àti J06BA01 fún irú èyí tí a ń gún sábẹ́ awọ, kí ẹ sì so ó mọ́ kóòdù ICD-10 (kóòdù àgbáyé tí a fi ń to àìsàn sí ìsọ̀rí) ti àìsàn tí wọ́n torí rẹ̀ lò ó: D80 sí D84 fún àbùkù agbára ìdènà àrùn, G61.0 fún Guillain-Barré (àìsàn tí agbára ìdènà àrùn ti ń kọlu iṣan ìmọ̀lára), M30.3 fún Kawasaki (àìsàn iṣan ẹ̀jẹ̀ tó sábà máa ń ṣe ọmọdé). Ẹ ṣọ́ra fún kóòdù tó wà lókè àkọsílẹ̀, nítorí àìsàn tó gbé ènìyàn dé ilé ìwòsàn lè yàtọ̀ sí èyí tí oògùn náà wà fún.

Gíráàmù ni kí ẹ kà, ẹ má ka orí ènìyàn. Aláìsàn Guillain-Barré tó wọn kílógíráàmù 70 sábà máa ń gba gíráàmù 2 fún kílógíráàmù kọ̀ọ̀kan, tí í ṣe 140 lápapọ̀. Ẹni tó wọn bákan náà, tí agbára ìdènà àrùn rẹ̀ ní àbùkù láti ìbí, tó sì ń gba 0.4 fún kílógíráàmù ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin mẹ́rin, yóò lo gíráàmù 364 lọ́dún, ó sì lè máa gbà á jálẹ̀ ayé rẹ̀.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ìṣirò ti ń forí ṣánpọ́n rèé: àkọsílẹ̀ ń sọ ohun tí aláìsàn rí gbà, kì í sọ ohun tó yẹ kó gbà. Bí oògùn bá wọ́n, iye inú àkọsílẹ̀ yóò lọ sílẹ̀, ẹni tí kò fura yóò sì rò pé àwọn tó nílò rẹ̀ ló dín kù. Ẹ wo bóyá ọ̀sẹ̀ tó wà láàárín ìgbà ìtọ́jú kan sí èkejì ti gùn sí i, bóyá ìwọ̀n fún kílógíráàmù kan ti kéré sí i, àti iye ènìyàn tó ní àìsàn náà tí oògùn kò kàn rárá.

Ti factor VIII, èròjà tó ń mú kí ẹ̀jẹ̀ dì, tún ní ọgbọ́n tirẹ̀. Kóòdù B02BD02 kan náà ló kó èyí tó ti inú plásímà wá àti èyí tí a ṣe láìlo plásímà pọ̀, orúkọ títà nìkan ló sì lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Emicizumab, oògùn tí a kì í yọ láti inú plásímà, tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní ọdún 2017, sì ti dín factor VIII tí ọ̀pọ̀ aláìsàn hemophilia A (àìsàn tí ẹ̀jẹ̀ kì í dì bó ṣe yẹ) ń lò kù, nítorí náà ẹ má ṣe fi iye ọdún tó ṣáájú rẹ̀ díwọ̀n ọjọ́ iwájú.

Kí ẹ tó fi àbájáde ránṣẹ́, ẹ yọ orúkọ kúrò, kí ẹ sì da àwọn ìsọ̀rí tí ènìyàn inú wọn kò pọ̀ pọ̀ mọ́ra, torí pé bí àìsàn bá ṣọ̀wọ́n, ọjọ́ orí àti àdúgbò nìkan tó láti fi dá ènìyàn mọ̀.