Bí a ṣe ń yí ìwọ̀n padà, tí a sì ń gé nọ́ńbà kúrú, nínú ìṣirò kẹ́mísírì

Kọ́kọ́ wo àmì tó wà láàárín nọ́ńbà. Ìwé iléèwé wa ní Àjàṣẹ́, Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́, nílẹ̀ Benin, ń lo kọ́mà níbi tí ìwé Nàìjíríà ti ń lo pọ́íǹtì. Nínú ìwé wa, 1,500 g jẹ́ giráàmù kan àtààbọ̀. Nínú ìwé tó ti òdìkejì bódà wá, giráàmù ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀jọ ni. Pọ́íǹtì ni ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ìṣirò sì ń fi hàn.

Ká ní o fẹ́ po omi iyọ̀ 250 mL, tí yóò jẹ́ 0,150 mol/L (iye mòólù tó wà nínú lítà kan; mòólù ni ìwọ̀n tí kẹ́mísírì fi ń ka iye ohun kan). Mòólù iyọ̀ (NaCl) kan wúwo tó 58,44 g (Na 22,99 + Cl 35,45).

Sọ mL di L: pín in sí 1000, kì í ṣe 100. Ó di 0,250 L. Wàyí o, kọ gbogbo rẹ̀ sórí ìlà kan, kí nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan mú ìwọ̀n rẹ̀ dání:

0,250 L × 0,150 mol/L × 58,44 g/mol = 2,1915 g

L pa L rẹ́, mol pa mol rẹ́, g ló ṣẹ́ kù. Bí kì í bá ṣe g ló kù, o ti ṣì í níbìkan. Ẹni tó gbàgbé láti yí mL padà yóò rí 2191,5 g: iyọ̀ tó ju kílò méjì lọ, nínú ìgò tí kò gbà ju ìdámẹ́rin lítà lọ! Máa fojú inú wo ìdáhùn rẹ báyìí.

Ìgbà tó kẹ́yìn nìkan ni kí o gé nọ́ńbà. Ibi tí máàkì ti ń já jù nìyí, ó sì ń dunni, torí ọ̀nà ìṣirò náà tọ́. Bí o bá gé 0,0375 mol (0,250 × 0,150) sí 0,04 láàárín ọ̀nà, 2,34 g lo máa rí. Àṣìṣe náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá méje nínú ọgọ́rùn-ún. Nọ́ńbà mẹ́ta ló níye nínú 0,150 (òdo iwájú kì í kà, ti ẹ̀yìn ń kà), nítorí náà 2,19 g ni ìdáhùn. 1 ló tẹ̀ lé 9. Ká ní 5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ ni, à bá fi ọ̀kan kún un.

Ti àròpọ̀ yàtọ̀: iye nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn kọ́mà là ń wò. 12,1 g + 0,36 g jẹ́ 12,46 g; torí nọ́ńbà kan péré ló wà lẹ́yìn kọ́mà nínú 12,1, a gé e sí 12,5 g.

Ṣọ́ra fún m³. Mítà kan jẹ́ 100 cm, àmọ́ 1 m³ jẹ́ 1 000 000 cm³, torí ẹ̀ẹ̀mẹta ni 100 ń sọ ara rẹ̀ di púpọ̀.

Bí òṣùwọ̀n iléèwé rẹ kò bá lè fi ohun tó kéré ju 0,1 g hàn, wọn 2,2 g, kí o sì kọ 0,15 mol/L sára ìgò, má kọ 0,150.