Bẹ́ ẹ ṣe máa yan nẹ́tíwọ́ọ̀kì fún ṣọ́ọ̀bù yín n'Ífẹ̀

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ṣí ṣọ́ọ̀bù POS àti títẹ̀wé ní Mayfair tàbí Lágéré, ẹ má tíì ra ráútà, ẹ̀rọ tó ń pín íńtánẹ́ẹ̀tì, kankan o. Ẹ kọ́kọ́ yá síìmù ọ̀rẹ́ méjì mẹ́ta, kẹ́ ẹ gbé fóònù lọ síbi tẹ́ ẹ máa jókòó sí gan-an, kì í ṣe ojú títì, ẹ dán an wò láàárọ̀, kẹ́ ẹ tún padà wá lágogo mẹ́jọ alẹ́ táwọn ọmọ yunifásítì ti ń wo fídíò. Èmi ò ṣe bẹ́ẹ̀, ọ̀sán ni mo dán tèmi wò, mo ra dátà oṣù kan, tó bá ti di ìrọ̀lẹ́ ńṣe ló máa ń yí bí òkòtó, kò ní ṣí.

5G, ìyẹn nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó tẹ̀ lé 4G, ńkọ́? 2022 ni MTN bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ní Nàìjíríà, ó yára lóòótọ́ àmọ́ ìgbì ẹ̀ kì í rìn jìnnà, ògiri sì ń dí i. Tó bá jẹ́ 5G níta tó di 4G nínú ilé, ẹ gbé ráútà sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, kó ga díẹ̀, kó má sún mọ́ fíríìjì.

Starlink, íńtánẹ́ẹ̀tì tó ń wá láti sátẹ́láìtì, dé lọ́dún 2023, kò nílò òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ojú ọ̀run gbangba ni àwo ẹ̀ ń fẹ́, igi máńgòrò ò gbọ́dọ̀ bò ó. Owó ẹ̀ pọ̀ ṣá, ẹ bá ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́ yín sọ̀rọ̀ bóyá ẹ lè jọ dáwó.

Èyí tó wù kẹ́ ẹ mú, ẹ ní síìmù kejì nílẹ̀ fún POS, kẹ́ ẹ máa tẹ *323# wo dátà tó kù kí kọ́sítọ́mà tó dé.