Bí mo ṣe gba owó ìfarapa lẹ́yìn tí mo já bọ́ ní sáìtì

Bíríkìlà ni mí. Ọ̀nà Ọ̀dà, níbí ní Akúrẹ́, ni mo ti ń rẹ́ ògiri ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan nígbà tí pákó tí mo dúró lé kán sí méjì. Pákó yẹn ní kókó láàárín, gbogbo wa ló rí i láàárọ̀. Fóómàn ní kò ní ṣe nǹkan kan. Ọwọ́ ọ̀tún ni mo fi gúnlẹ̀. Mo gbọ́ bí egungun ọrùn ọwọ́ ṣe ró kí ìrora tó dé.

Kí n má parọ́ mọ́ wọn, wọ́n tọ́jú mi lọ́jọ́ náà. Fóómàn gbé mi lọ sí ọsibítù, ó sanwó X-ray, ó san ti POP tí wọ́n fi di ọwọ́ mi. Lọ́jọ́ kẹta, ó wá bá mi nílé ní Ìsìkàn pẹ̀lú ₦30,000 àti ìwé kan tó ká sí mẹ́rin. "Àbúrò, tẹ̀ka síbí, kí ọ̀gá lè mọ̀ pé owó dé ọwọ́ ẹ." Ìyàwó mi gba ìwé náà, ó kà á. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé mo ti gba gbogbo ẹ̀tọ́ mi, n kò sì ní bá wọn ṣẹjọ́ láéláé. "Bàbá Ìbejì, ẹ má tẹ nǹkan kan o!" Fóómàn bínú, ó kó owó rẹ̀ lọ. Ó dùn mí, torí kò sí kọ́bọ̀ nílé.

Ìwé yẹn ló gbé mi dé ọ́fíìsì Legal Aid Council, tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ fún ẹni tí kò lówó lọ́yà. Lọ́yà obìnrin kan tí mo kọ́kọ́ rò pé akọ̀wé ni ló gbọ́ ọ̀rọ̀ mi. Ohun tó kọ́kọ́ bi mí ni pé, "Ọjọ́ wo lẹ ṣubú, sà?" Mo ní ọjọ́ kẹjọ rèé. Ó ní ọpẹ́ ni. Òfin owó ìfarapa òṣìṣẹ́ ti 2010 ní kí ẹni tó farapa jẹ́ kí ọ̀gá rẹ̀ tàbí aṣojú ọ̀gá mọ̀ láàárín ọjọ́ 14. Mo ní fóómàn ṣáà wà níbẹ̀, ojú rẹ̀ ló ṣe. Ó ní lóòótọ́, ìyẹn lè gbà mí sílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbọ́n kì í gbára lé e.

Mo tún ní kò sẹ́ni tó fún mi ní ìwé ìgbàsíṣẹ́. Ó ní òfin ka ẹni tí wọ́n fẹnu lásán gbà mọ́ òṣìṣẹ́, ìbáà jẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ẹ̀rí ló kù. Mo ṣí fóònù mi: álẹ́ẹ̀tì owó iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, láti àkáǹtì ilé iṣẹ́ náà.

Lẹ́tà tí mo fi jẹ́ kí ọ̀gá mọ̀ kò kún ojú ewé kan. Ìyàwó mi ń kọ, èmi ń sọ: orúkọ mi, ọjọ́ àti aago, ibi tí mo wà, ohun tó fà á, ibi tó kán. Mo fẹ́ kó gírámà sí i, lọ́yà ní kí n sọ ọ́ bí mo ṣe máa sọ ọ́ fún aládùúgbò mi, òfin fúnra rẹ̀ kò béèrè ju bẹ́ẹ̀ lọ. A ṣe é ní ẹ̀dà méjì. Akọ̀wé ilé iṣẹ́ náà gba ọ̀kan, kò fọwọ́ sí èkejì. Mo ya fọ́tò rẹ̀ níwájú tábìlì rẹ̀, mo fi ránṣẹ́ sí mánígà lórí WhatsApp. N kò kúrò níbẹ̀ títí àmì méjì yẹn fi di búlúù.

Ọjọ́ méje ni òfin fún ilé iṣẹ́ láti fi tó NSITF létí, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń san owó ìfarapa òṣìṣẹ́. Ọjọ́ méje kọjá. Fóómàn ní àwọn kò sí lábẹ́ NSITF kankan. Lọ́yà rẹ́rìn-ín. Ilé iṣẹ́ tó bá ń du kọ́ńtírákì ìjọba àpapọ̀ gbọ́dọ̀ ní ìwé ẹ̀rí pé òun ń san owó sí NSITF, ó kéré tán 1% nínú owó oṣù gbogbo òṣìṣẹ́ rẹ̀, àwọn wọ̀nyí sì ń ṣe títì fún ìjọba àpapọ̀. Lẹ́tà kan ṣoṣo ló kọ sí wọn. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, wọ́n ti fi tó NSITF létí.

Èmi náà lọ gba fọ́ọ̀mù ní ẹ̀ka NSITF ní Akúrẹ́. Ọdún kan ni òfin fún mi láti fi í sílẹ̀, mi ò jẹ́ kó pé oṣù kan. Ìwé dókítà, X-ray, NIN, nọ́ńbà àkáǹtì, gbogbo ìyẹn ò le. Rìsíìtì ló dà mí láàmú. Mo ti náwó fún bàbá kan tó ń to egungun ní Òkè-Àró, ta ló sì ń béèrè rìsíìtì lọ́wọ́ bàbá bẹ́ẹ̀? Owó yẹn wọgbó.

Àwọn ará sáìtì ní kí n gbé wọn lọ sí National Industrial Court, ilé ẹjọ́ tó ń gbọ́ ẹjọ́ òṣìṣẹ́ àti ọ̀gá, ó kúkú ní ẹ̀ka ní Akúrẹ́. Lọ́yà ní owó NSITF ni òfin fi rọ́pò ẹjọ́ tí ǹ bá pe ọ̀gá mi lórí àìbìkítà. Ká ní típà ẹlòmíì tó wá já yanrìn ló gbá mi ni, ǹ bá lè yàn: bóyá kí n gba owó NSITF, tàbí kí n pe onítípà lẹ́jọ́. Mo bi í nípa ìwé tí wọ́n ní kí n tẹ̀ka sí. Ó ní èèyàn ò lè fi ìwé ta ẹ̀tọ́ yẹn nù, ṣùgbọ́n ká ní mo tẹ̀ ẹ́, òun ni wọ́n ì bá máa nà sí wa lójú títí di òní.

Oṣù karùn-ún ni álẹ́ẹ̀tì wọlé: owó ọsibítù, àti owó ti ọwọ́ tí kò padà bọ̀ sípò tán. Mo ti ń rẹ́ ògiri padà. Abẹ́ dẹ́kìn ni ọwọ́ ò gbà mọ́, ọmọṣẹ́ mi ló ń bá mi ṣe ibẹ̀.